Ta Ló Gbóòórùn Kòkó Yẹn?

Ogún ọdún ni mo fi bá bàbá mi ṣiṣẹ́ lóko kòkó wa lẹ́yìn ìlú Ìṣẹ́, síbẹ̀ n kò mọ ìgbà tí kòkó máa ń tó í tú lábẹ́ ewé. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa fi orí ara wọn ronú.

Bí a bá ti fọ́ kòkó, a ó kó o sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó sì fi ewé bò ó kó lè kan. Láti ọjọ́ karùn-ún, èmi ni mo máa ń ṣí i, tí ooru rẹ̀ á gbá mi lójú. Bàbá mi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á fa imú, á wúkọ́ díẹ̀, á wá dájọ́: ó ti tó, tàbí ó di ọ̀la. Kò ṣìṣe rí.

Nígbà tó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní bí mo bá fi ba kòkó ọdún yẹn jẹ́, àwọn á ta oko náà. Ọjọ́ karùn-ún pé, mo ṣí ewé. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ikọ́ kékeré yẹn gan-an. Mo yíjú, n kò rí ẹnì kankan. Mo bo kòkó padà, mo sì sá wálé.

Mo sunkún fún ìyá mi pé bàbá ti gbé imú rẹ̀ lọ sọ́run. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Imú wo? Ọdún méje kó tó kú ni kò ti gbóòórùn mọ́, ọbẹ̀ tó jóná gan-an kì í ta á nímú. Ojú rẹ ló máa ń wò. Ó ní bí kòkó bá ti tó, ojú rẹ á tú ká."

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ẹni tí mo fara tì, èmi lòun náà fara tì! Imú mi ló ń gbóòórùn náà, ṣùgbọ́n n kì í mọ̀ pé mo gbọ́ ọ títí ẹnu rẹ̀ á fi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ ṣí i. Òórùn ẹmu ti lọ, òórùn kíkan ló kù. Ojú mi tú ká, mo mọ̀ ọ́n lára. Mo ní ó ti tó. A sá a, ó dára, wọn ò sì ta oko.

Ṣùgbọ́n títí dòní, kí n tó sọ̀rọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ kọjú sí ibi tí bàbá mi máa ń dúró sí, kó lè rí ojú mi.