Ohun Tí Jùbrílù Kò Sọ

Ọdún mọ́kànlélógún ni Jùbrílù fi wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Akanran lọ sí Ìbàdàn. Ọjọ́ tí bíréèkì já a kulẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, inú oko àgbàdo ló darí ọkọ̀ sí. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Àwọn èèyàn bá a dúpẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí lójú tiwọn. Lára Jùbrílù, kò parí. Bó bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá, àyà rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, òógùn a bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ta ọkọ̀, ó padà sí oko ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀.

Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ojú ń tì í. Nígbà tí Kifayah ọmọ wọn bímọ l'Ékòó, ìyá lọ bá a tọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n dá di mẹ́sàn-án. Jùbrílù nìkan ló ń dáná, òun nìkan ló ń jẹun. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí sálámà ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, kò ní bá ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Ó gbọ́ lórí rédíò pé fítámìnì ń fún iṣan lókun, ó ra oríṣi méjì. Ọ̀kan sọ ìtọ̀ rẹ̀ di yẹ́lò ràkọ̀ràkọ̀, inú rẹ̀ dùn: ó jọ pé nǹkan ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, àyà ń já. Ó lọ bá Fáwùnmí, ìyá àgbà tó ń ta ewé l'Ákanran. Ìyá fún un ní ewé efinrin láti máa sè mu, ó tún fún un ní gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, ó kìlọ̀ pé ife kékeré kan ni lóòjọ́, torí igi náà lágbára.

Ife kan di mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan tó ń roko, bó ṣe nàró báyìí, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú sáàárín ebè. Oòrùn gun orí rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pè. Ìṣubú náà kọ́ ló dùn ún jù, bí kò ṣe èrò kan tó sọ sí i lọ́kàn: bí òun bá kú síbí, ọjọ́ wo ni wọ́n máa mọ̀?

Nígbà tó lè dìde, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Ọlámipọ̀sí wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Nígbà tí Jùbrílù ka gbogbo ohun tó ń mu fún un, àti ìdí tó fi ń mu wọ́n, nọ́ọ̀sì ní kó má fẹnu kan gbòǹgbò yẹn mọ́. Efinrin kò burú, fítámìnì náà kò burú, ṣùgbọ́n wọn kò lè dé ibi tí ẹ̀rù yìí wà. Ó kọ ìwé fún un láti lọ rí dókítà n'Íbàdàn. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, “Bàbá, ta lẹ sọ fún nílé?”

Nígbà tí Jùbrílù délé, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

“Ìyá Kifayah, ẹ̀rù ń bà mí.”

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, “Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ ọkọ̀ yẹn.”

“Mo mọ̀ pé ẹ kì í sùn,” ló wí. “Mo rò pé èmi lẹ̀ ń bínú sí.”

Ìyàwó kò tíì lè wálé, torí Kifayah ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń pè, wọn a jọ sọ̀rọ̀ títí ọmọ yóò fi ké. Dókítà náà ń gbọ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àyà ṣì ń já, kò fi bẹ́ẹ̀ le bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ìyàwó bá ti pa fóònù, ilé a tún pa rọ́rọ́, Jùbrílù a sì gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sóko.