Etí Ehoro àti Rédíò Tó Ń Dákẹ́

Títí dé nọ́ńbà méjìdínlọ́gbọ̀n, rédíò ọkọ̀ Etí Ehoro kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Akọrin á máa kọrin, onílù á máa lù, àga á sì máa gbọ̀n nídìí ẹni tó bá jókòó lé e. Bí Etí Ehoro bá ti yí ohùn rẹ̀ dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni kẹ́kẹ́ á pa mọ́ rédíò lẹ́nu. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Etí Ehoro á tún yí i sókè, òun náà á tún dákẹ́. Báyìí làwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn fà á fún oṣù mẹ́ta gbáko, bíi tọkọtaya tí ẹnì kan ò fẹ́ gbà fún ẹnì kejì.

Mẹkáníìkì ni Etí Ehoro. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́, nítorí etí ló sọ ọ́ dèèyàn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é, òun á kàn fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ ti etí, á dijú, á ní, "Fáàfù kẹta ni." Wọ́n á tú u wò, fáàfù kẹta náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù kì í dá a láṣà láti rà á kí Etí Ehoro tó gbọ́ ọ. Orúkọ yìí dùn mọ́ ọn débi pé ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ya ehoro kan sí i, kí etí rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ.

Àmọ́ èèyàn kì í fi ogójì ọdún gbé orí sínú ariwo ẹ́ńjìnnì kí ariwo náà má gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Etí ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Tajá tẹran ló mọ̀, àfi ẹni tó ni etí. Lójú tirẹ̀, àwọn èèyàn ìsinsìnyí ni kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń kùn sínú ni. Àwọn oníbàárà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Fóònù ayé ìsinsìnyí, ayédèrú ni gbogbo wọn. Tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ sì ń pariwo débi pé aládùúgbò kẹta kì í tan tirẹ̀ mọ́. Tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn, fèrèsé ló ń ṣí.

Níbi iṣẹ́, ọgbọ́n tó dá kò kéré. Bí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ dé, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, á ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ gbọ́, kí n mọ̀ bóyá ẹ ní etí." Oníbàárà á ní ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lápá ọ̀tún. Etí Ehoro á tẹ̀ ba, á fi sukudiráfà ti etí, á mi orí jẹ́jẹ́, á dìde, á ní, "Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ni. Apá ọ̀tún." Oníbàárà á yanu, á máa kan sáárá sí i. Bó ṣe ń ta ọjà tí oníbàárà gbé wá padà fún oníbàárà nìyẹn, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń tan wọ́n jẹ o. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ tàn, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ohùn rédíò ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kéré lójú rẹ̀, ó ní àwọn tó ṣe é ń fi ohùn ṣahun ni. Ó lọ ra áńpù ńlá kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rédíò ga, ó gbé e sínú bọ́ọ̀tù, ó sì fi wáyà kan tó rí ṣẹ́kù nínú àpótí irinṣẹ́ so ó, wáyà tí kò nípọn ju okùn bàtà lọ. Ọjọ́ yẹn ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ẹlòmíràn á wo ohun tó ṣe kẹ́yìn. Etí Ehoro pààrọ̀ bátìrì, kò tán. Ó pààrọ̀ fíúùsì, kò tán. Ó yọ àwọn sípíkà, ó ra àwọn mìíràn tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, kò tán. Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, ó sì ń bú làpálàpá pé kò gbóògùn.

Nígbẹ̀yìn, ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀, obìnrin kan tó ń ṣe rédíò ọkọ̀ lábẹ́ páànù lójú pópó kejì, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Wáyà. Ó ti ń yẹra fún un tipẹ́. Lójú tirẹ̀, àgbà mẹkáníìkì kì í gbé ọkọ̀ lọ bá àbúrò ìyàwó.

"Bọ̀dá, ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ó wà. Mo ní kí n yà kí ọ ni." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Tó o bá ráyè, yọjú wo rédíò yẹn. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é o. Mo kàn fẹ́ kí ìwọ náà kọ́ nǹkan ni."

"Ẹ ṣé, sà," ni Àǹtí Wáyà wí. Kò rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín wà níbẹ̀ láti rín.

Kò fọwọ́ kan rédíò rárá. Bọ́ọ̀tù ló lọ ṣí. Ó fi mítà tó fi ń wọn iná kan bátìrì, iná pé. Ó fi kan ìdí áńpù, iná pé. Ó wá ní kí Etí Ehoro máa yí ohùn sókè. Bí onílù bá ti lù, ọwọ́ mítà á wálẹ̀; ó tún lù, ó tún wálẹ̀ sí i. Ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó já wálẹ̀ gbì, iná aláwọ̀ ewé ara áńpù di pupa, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

"Ẹ wá wò ó, Bọ̀dá," ó pè é sétí bọ́ọ̀tù, ó sì ń la ẹnu dáadáa. "Bí ohùn bá ṣe ń ga ni áńpù ń fẹ́ iná. Wáyà yìí ò lè gbé e wá. Bí iná ò bá tó o, á paná ara rẹ̀ kó má baà jó. Kò sí ohun tó ṣe rédíò." Ó fa wáyà kejì yọ, èyí tó ń dá iná padà sára irin ọkọ̀. Orí ọ̀dà tí wọ́n fi kun ọkọ̀ ni wọ́n dè é mọ́. Irin kò rí i sójú rí. "Ta ló ṣe báyìí?"

"Àwọn ọmọ oníwáyà kan ni," ni Etí Ehoro, ọmọ oníwáyà náà gan-an, dáhùn, ó sì ń wo orí páànù.

Àǹtí Wáyà fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà títí irin fi ń dán. Ó na wáyà tuntun tó nípọn bí ọmọńdinrín láti bátìrì dé áńpù, ó sì dè é pinpin. Lẹ́yìn náà ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Etí Ehoro, ó yí ohùn sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Kò dákẹ́. Ó yí i sí márùndínlógójì. Páànù orí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Télọ̀ òdìkejì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wọ yàrá. Ó yí i dé ogójì, níbi tí kò ti lè yí mọ́, ọmọ ọwọ́ kan sì figbe ta nínú ilé kan. Àǹtí Wáyà fi ìka di etí méjèèjì.

Etí Ehoro rọra fi ẹ̀yìn ti àga. Ó ń mi orí. Ó wá na ìka sókè, pé kó fi kún un díẹ̀.

Àǹtí Wáyà nawọ́ sí ogójì tó wà lójú rédíò, ó sì pa rédíò náà. Orí Etí Ehoro ṣì mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó rí i pé iná ojú rédíò ti kú.

"Iṣẹ́ rẹ dáa," ó wí. "Rédíò ni ò lóhùn."

Ọ̀rọ̀ kún Àǹtí Wáyà lẹ́nu. Ó ti mọ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe mọ̀, ṣùgbọ́n kéèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí kéèyàn jókòó tì í. Nígbà tí bàbá òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní obìnrin kì í ṣiṣẹ́ wáyà, ọkùnrin yìí ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá títí ó fi gbà. Báwo lèèyàn ṣe ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú kó sọ fún un pé etí rẹ̀ ti lọ? Ó nu ọwọ́ lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, sà.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí bọ́ọ̀sì kan fi dúró lẹ́yìn wọn. Obìnrin kan tó ní ilé ìwé kékeré ló sọ̀ kalẹ̀, òun àti ọkùnrin tó fẹ́ ta bọ́ọ̀sì náà fún un. Wọ́n ti dé ṣọ́ọ̀bù Etí Ehoro, àwọn tó wà níbẹ̀ ló ní ibí ló wà.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mo wá bá," ni obìnrin náà wí, ó sì sún mọ́ ọn. "Bẹ́ ẹ bá ti ní ó dáa, mo rà á lónìí. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi ni yóò máa gbé."

Ọlọ́kọ̀ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó sì ta ẹ́ńjìnnì jí. Ó ń dún geere. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ geere náà, nínú ikùn ẹ́ńjìnnì, nǹkan kan ń kàn: kò, kò, kò. Télọ̀ gbọ́ ọ láti inú yàrá, ó yọrí síta. Ẹni tó ń kọjá lọ yíjú padà.

"Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ gbọ́," ni Etí Ehoro wí.

"Èmi? Ọkọ̀ ló ń dún létí mi, Bàbá. Mi ò mọ̀kan nínú ẹ. Etí yín ni mo gbára lé."

Ó yíjú sí ọlọ́kọ̀. Ọlọ́kọ̀ ní ire nìkan lòun ń gbọ́.

Kò sí ọjà tí wọ́n gbé wá tí yóò tà padà fún wọn lọ́tẹ̀ yìí. Etí Ehoro tẹ̀ ba, ó fi sukudiráfà ti etí. Nǹkan ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í gbọ̀n. Ó wo èéfín, èéfín mọ́. Ó dìde. Gbólóhùn náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tó ti sọ ní àìmọye ìgbà lọ́dún yìí: ó mọ́, ẹ rà á.

Bó ṣe fẹ́ la ẹnu ni ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sójú Àǹtí Wáyà. Àǹtí Wáyà kò wò ó. Bónẹ́ẹ̀tì ló ń wò, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì ń ṣẹ́, ó ń ṣẹ́, ní déédéé, bí ẹni tí wọ́n ń ta ní ìka níwájú orí. Ó wo télọ̀, bákan náà ni. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń gbọ́ láìfi irin ti etí. Ẹ̀rù bà á. Ó rántí àwọn ọkọ̀ tó ti ní ó mọ́ láti ọdún tó kọjá, ó sì rí i pé òun ò gbọ́ ẹyọ kan nínú wọn.

Ó na sukudiráfà náà sí àbúrò ìyàwó rẹ̀.

"Gbà," ó wí. "Bá mi gbọ́ ọ."

Àǹtí Wáyà gbà á. Ó tẹ̀ ba, ó gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò nílò rẹ̀. Ó wá sún mọ́ Etí Ehoro, ó sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́ létí, bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí kò dáa fún àgbà níwájú àlejò.

"Àbí?" ni Etí Ehoro wí.

Ó tún un sọ, ó gbé e sókè díẹ̀.

Etí Ehoro fi àtẹ́lẹwọ́ gba ẹ̀yìn etí. "Sọ ọ́ síta. Mi ò gbọ́."

Àǹtí Wáyà wo obìnrin náà, ó wo télọ̀ àti àwọn tó ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó fa èémí sínú.

"Ó ti nọ́ọ̀kì, Bọ̀dá! Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti nọ́ọ̀kì! Kí wọ́n má rà á!"

Ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó sì ti bónẹ́ẹ̀tì gbàgà. "Adití lẹ gbé ọkọ̀ mi wá fún?" ló wí. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́, àfi ẹni tó ń bú.

"Ó ti nọ́ọ̀kì, Ìyá," ni Etí Ehoro sọ fún obìnrin náà. Ohùn rẹ̀ ò le bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ẹ má rà á."

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ bá a, ó gbé ẹnu sí i létí, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ tí ì bá kó sínú bọ́ọ̀sì náà. Etí Ehoro gbọ́ gbogbo rẹ̀.