Mo tún hú igi oṣè lónìí

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo hùwà ìkà sí igi oṣè ní ilé ìwé wa.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, mo ní kí wọ́n gé oṣè àtijọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ń pẹ́ dé kíláàsì nítorí ìyẹ̀fun kíkan inú èso rẹ̀, mo sì ń nà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ èmi náà lá a títí nígbà èwe mi.

Láàárọ̀ yìí, mo bá àwọn ìyá ìjọ wa ro ìdí àwọn oṣè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn síbẹ̀. Ewé ọmọ oṣè kò jọ ti àgbà. Mo rò pé koríko ni, mo hú ọ̀kan. Àfi bí mo ṣe rí gbòǹgbò rẹ̀ tó ki bí ọmọ iṣu.

Ìyá Délé, tí mo kọ́ rí, wò mí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ tún ti ṣe é.”

“Mi ò dá a mọ̀ ni.”

“Ẹ kúnlẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ní ká kúnlẹ̀, kí ẹ gbìn ín padà.”

Mo kúnlẹ̀, mo gbìn ín, mo bomi rin ín. Wọ́n ní ó lè yè.

Ẹ̀yin tí mo nà nítorí èso yẹn, ẹ kọ orúkọ yín sísàlẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.