Fótò Bàbá Olóko Lára Pátákó Mi

Bí ẹ bá fẹ́ sá fún gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má rí yín mọ́, irú ṣọ́ọ̀bù tí mo gbà ní Fìdítì lẹ́yìn tí mo ṣe fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi ní fótò ni kí ẹ lọ gbà. Ọdún 1990 kò tíì pé nígbà náà. Ọ̀nà tó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn gba àárín ìlú kọjá, mọ́tò ń lọ, mọ́tò ń bọ̀, èrò ń sọ̀ kalẹ̀ láti ra ọsàn. Ṣọ́ọ̀bù tèmi kò sí níbẹ̀. Ẹ óò yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ óò gba ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń yan gààrí, ẹ óò bẹ ewúrẹ́ méjì kan kí wọ́n yẹra fún yín, kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn mi. Àwọn ewúrẹ́ yẹn ni oníbàárà mi. Wọn kì í pa ọjọ́ kan jẹ.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé. Ìyá mi, tíṣà. Ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, tíṣà. Bí ẹ bá di ojú tí ẹ ju òkò sínú ilé wa, tíṣà ni yóò bà. Èmi náà ti gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà kí n tó sá lọ kọ́ fótò. Mo ti dúró níwájú kíláàsì fún oṣù díẹ̀, mo sì mọ bó ṣe ń rí: agogo á lù, wàá wọlé, agogo á lù, wàá jáde, ogójì ọdún á lọ, wọ́n á gbé aago ògiri lé ọ lọ́wọ́, wọ́n á ní o káre.

"Ó di ìkórè," ni Bàbá wí fún mi. "Bí ṣọ́ọ̀bù yìí kò bá tíì gbérí nígbà tí a bá ṣe ìkórè, Akínmọ̀rìn lò ń lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé kan níbẹ̀ ti bá mi di àyè kan mú fún ọ."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń so ènìyàn lókùn, tí òun náà ń dúpẹ́.

Ní ọjọ́ kan mo jáde sí títì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọsàn, kámẹ́rà mi wà lọ́rùn. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àti fọ́ọ̀mù ìdánwò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo la ti lè rí ayàwòrán nílùú yìí?"

Gbogbo àwọn ọlọ́sàn na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹgbẹ́ akọrin: "Ìlọrà! Ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrà!"

Mo dúró tì wọ́n o. Kámẹ́rà wà lọ́rùn mi o.

Mo kọjú sí ìyá tó jẹ́ àgbà wọn. "Ìyá, ṣé ẹ ò rí mi ni?"

"Mo rí ọ, ọmọ tíṣà. Ṣùgbọ́n kí ni mo mọ̀ nípa rẹ? Ti Ìlọrà yẹn, kò sí ọjọ́ tí a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀: ó ya ìyàwó, ó ya ìbejì. Ẹni tí a bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹnu wa ń mọ̀ ọ́n pè. Ìgbà wo la gbọ́ ọ̀rọ̀ tìrẹ gbẹ̀yìn?" Wọ́n ń bó ọsàn lọ. "Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí ọsàn fi ń yí bọ́ lórí àtẹ.

Ó dùn mí, àmọ́ ó là mí lójú. Gbogbo ẹni tó ń wá nǹkan ní Fìdítì, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin yìí ló ń kọ́kọ́ bèèrè. Bí ń kò bá sí lẹ́nu wọn, ń kò sí láyé. Mo kan pátákó kan, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì jẹ́ kí n gbé e ti àtẹ wọn. Láti ìgbà náà, gbogbo Mọ́ńdè ni mò ń lẹ abala ìwé ńlá kan mọ́ ọn: fótò kan lókè, ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Mo kọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹni tó dúdú bí èmi wọ ẹ̀wù dúdú ya fótò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Mo kọ bí ìyá ṣe lè mú kí ọmọ ọwọ́ wo kámẹ́rà láìsunkún. Mo kọ ìròyìn ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà, mo sì ní fótò rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo máa ń kọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi sí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á dúró kà á sókè fún àwọn ọlọ́sàn, àwọn ọlọ́sàn á sì máa rò ó fún àwọn èrò ọkọ̀.

Ó ṣiṣẹ́. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí mo bá pẹ́ kọ tuntun, ìyá ọlọ́sàn á ránṣẹ́ pè mí: "Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣì wà níbẹ̀ yẹn. Ṣé o ti kú ni?" Èmi tí mo sá fún agogo ilé-ìwé wá di ẹni tó ń já lójú oorun ní gbogbo Sọ́ńdè, tó ń wá ohun tí yóò kọ. Ìkórè sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹyọ kọ̀ọ̀kan yẹn kò lè tẹ́ Bàbá mi lọ́rùn.

Bí mo ṣe lọ bá Bàbá Olóko nìyẹn. Àwọn ló ni oko ọsàn tó tóbi jù lágbègbè wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kò sì ya fótò rí. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n jókòó sórí àga onítìmùtìmù, wọ́n gbé Bíbélì lé itan. Fótò yẹn dára! Ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí i ni mo kọ sábẹ̀ rẹ̀: "Bàbá wa ọ̀wọ́n. Wọ́n gbin igi fún ìlú, wọ́n sin Ọlọ́run tọkàntọkàn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò ní parẹ́ láéláé." Ìwé náà rí ṣákálá lójú mi, mo bá fi yíǹkì dúdú fa ìlà tó nípọn yí i ká. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ya irú rẹ̀, kí ó wá ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí ti rí i. Èmi tí mo kọ ọ́ kò rí i.

Mo lẹ̀ ẹ́ ní ìdájí Mọ́ńdè, mo padà sínú yàrá òkùnkùn mi láti fọ fótò. Yàrá náà kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Tí ènìyàn bá ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ìmọ́lẹ̀ á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Inú ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ariwo ẹkún, tó ń bọ̀ láti títì, tó ń sún mọ́ mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lu ilẹ̀kùn.

"Ṣílẹ̀kùn! Ayàwòrán, kí ló pa Bàbá?"

"Bàbá wo?"

"Bàbá Olóko! Ìgbà wo ni wọ́n kú? Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ gbọ́?"

"Ta ló kú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣílẹ̀kùn, fótò á jó!"

"Fótò lò ń sọ!" Ohùn obìnrin ni. Àṣé ọmọ Bàbá Olóko ni, ó ti gun ọ̀kadà láti Ìlọrà, gèlè rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́nà. "O ti ilẹ̀kùn mọ́rí, o ní fótò á jó!"

Mo há sínú òkùnkùn yẹn. Níwájú mi, omi kẹ́míkà. Lẹ́yìn mi, gbogbo ìdílé ọlọ́fọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé mi lórí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fótò arúgbó. Ìlà dúdú. Bàbá wa ọ̀wọ́n. Sátidé, aago mẹ́wàá, ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí i tí kò ní ká ọwọ́ lérí.

Lójijì ẹkún dákẹ́. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá nílẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn tí mo mọ̀: "Níbo ni ẹni tó pa mí wà?"

Mo jáde. Gbogbo fótò jó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá Olóko ti já ìwé náà mú dání. Wọ́n nà án sí mi. "Kà á fún mi."

Mo kà á.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Bàbá náà fi ara ti ọ̀pá wọn. "Ṣé bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ mi nìyí? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú mi rí." Wọ́n wo àwọn ọmọ wọn yíká, àwọn yẹn sì ń wo ilẹ̀. "Àmọ́ o ò dárúkọ igi àgbálùmọ̀. Èmi ni mo gbìn wọ́n. Fi kún un kí o tó fún mi lẹ́dà tèmi."

Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó dé Ìmìnì, ó dé Ìwàré, ó dé Ìlọrà: ayàwòrán kan wà ní Fìdítì tí ìwé ìkéde òkú rẹ̀ dùn débi pé òkú fúnra rẹ̀ wá gba ẹ̀dà. Àwọn ọlọ́sàn wá mọ̀ mí wàyí. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ayàwòrán ìgbéyàwó, "Ìlọrà!" Ayàwòrán ìkómọ, "Ìlọrà!" Ẹni tí òkú bá kú fún ńkọ́? "Há, ẹ yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì!" Mo kọ ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ sára pátákó, mo kọ ọ̀rọ̀ ìyàwó, kò sẹ́ni tó kà á. Àwọn èrò tó ń wá ń mú fótò àtijọ́ tó ti pọ́n dání, kí n sọ ọ́ di ńlá, kí n sì kọ ọ̀rọ̀ dídùn sábẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ń kò ya ẹni tó ń mí.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè, Bàbá mi wọlé. Èrò ti jókòó kún bẹ́ńṣì, wọ́n tò dé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí. Bàbá kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bá wọn kẹ́dùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ṣọ́ọ̀bù rẹ ti gbérí," ni wọ́n wí.

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Mo ti ránṣẹ́ sí Akínmọ̀rìn kí wọ́n fi ẹlòmíràn sípò yẹn. N kì í ṣe òkúrorò bàbá. Ohun tó wù ọ́ ni kí o máa ṣe."

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti ń ronú bí n ó ṣe bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sí Akínmọ̀rìn. Mo ti ń fọkàn rí kíláàsì kan, ọgbọ̀n ọmọ tó ń pariwo, tí gbogbo wọn wà láàyè. Mo la ẹnu. Bàbá ti ń mi orí sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ̀rín tí n kò rí lójú wọn láti ìgbà tí mo ti di ayàwòrán. Mo pa ẹnu dé.

Wọ́n jáde. Obìnrin kan tó kàn bọ́ síwájú, ó ju màmá mi lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ó fi fótò kékeré kan lé mi lọ́wọ́: ìyá kan dúró ní iwájú ilé, ọmọbìnrin kékeré kan di aṣọ rẹ̀ mú.

"Màmá mi nìyẹn," ni ó wí. "Òun nìkan ni mo fẹ́. Ṣé ẹ lè yọ ọmọ yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn?"

"Mo lè yọ ọ́, mà. Ta ni ọmọ náà?"

"Èmi ni," ni ó wí. "Ẹ rọra yọ mí."

Mo fa àga súnmọ́ fèrèsé, mo sì mú abẹ.