Gegele Yàrá Bàbá Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya ilé sínú ọ̀dínátọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà. Kútọnu ni mo ti kọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń ṣe é jẹun. Oníbàárà á fún mi ní ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀, èmi á gbé ilé tí kò tíì sí dìde lójú ẹ̀rọ, òun á sì rìn wọ inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó da yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan má baà rò pé àìmọṣẹ́ ló fa ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Nígbà tí ojú ìyá mi fọ́ tán, mo ní kí n ya ilé wa ní Kétu fún un. Ilé amọ̀ ni, inú rẹ̀ ni wọ́n gbé e wá sí níyàwó. Òun àti àwọn ìyàwó ilé yòókù ló máa ń fi amọ̀ pupa àti èédú ya àwòrán sára ògiri lẹ́yìn òjò: alángbá, igbá, ẹyẹ. Láràárọ̀, á lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, á fi oríkì ẹni tó ni yàrá kọrin kí i, orin ẹnu ọ̀nà kan kò sì jọ ti èkejì. Mo ya fọ́tò gbogbo kọ̀rọ̀ ilé náà, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń kí ilé, mo wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú pọ́tábù, fóònù alágbèéká mi. Bí ìka rẹ̀ bá ń rìn lójú pọ́tábù, ẹsẹ̀ á máa dún lórí ilẹ̀. Bó bá kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á han bó ṣe máa ń han, orin á tẹ̀ lé e. Bó bá sì kan alángbá, ohùn ara rẹ̀ ló máa gbọ́ tó ń pa ìtàn alángbá tó fi ń pa wá lẹ́rìn-ín ní kékeré.

Yàrá bàbá mi nìkan ló fún mi ní wàhálà. Inú yàrá náà la sin ín sí, bí wọ́n ti ń ṣe nílé wa, ilẹ̀ ojú oórì náà sì ga díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn sábẹ́ aṣọ. Wọn kì í jẹ́ kí àwa ọmọ wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ mi ka gegele yẹn sí àṣìṣe, ó kùn ún ní pupa. Mo tẹ ibì kan, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá mi kì í kọrin níbẹ̀ ní tirẹ̀. Á bọ́ sálúbàtà rẹ̀, á dúró, á dákẹ́, á wá rọra gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ohun tí mo rí gbà sílẹ̀ kò ju mímí rẹ̀ lọ. Mo ní àyè òfìfo ni, mo pa á rẹ́, mo fi fèrè tí mo fi ẹ̀rọ ṣe dí i. Ó dùn. Mo tilẹ̀ yin ara mi.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá ara rẹ̀ gberin láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Nígbà tó dé yàrá bàbá mi, ó dá ìka dúró.

Ó bi mí pé, “Ta ní ń fun fèrè lọ́dọ̀ ọkọ mi?”

Mo ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ó dá pọ́tábù padà fún mi. N kò fura rárá; inú mi ń dùn, mo sì ti pa àwọn fọ́tò náà rẹ́ kí àyè lè wà fún iṣẹ́ àwọn oníbàárà.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ló mú kí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ilé náà lè wó pa ìyá wa, pé kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn fún un. N kò lè dá a lẹ́bi. Ìyá mi gbà, ṣùgbọ́n ó pe àwa méjèèjì jókòó.

Ó ní, “Ẹ wó o. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ kan ọkọ mi, wọn kò sì gbọdọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ sin èmi náà sí.”

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó ṣèlérí. Èmi náà kúnlẹ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Kpankou kí eruku má baà yọ ọ́ lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní Kútọnu. Katapílà ti gbá gbogbo ilẹ̀ tẹ́, kò sí ààmì kankan mọ́, òun náà kò sì wọ yàrá yẹn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé òun. Àwọn mọlémọlé fẹ́ mọ ibi tí bàbá wà kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀. Ó ní èmi ni mo ya ilé, kí n wò ó. Mo ṣí i. Ilẹ̀ yàrá náà dán bí abọ́, fèrè ń dún lórí rẹ̀.

Kpankou kò jìnnà sí Kétu. Ẹnì kan ṣoṣo lórí ọ̀kadà ì bá lọ bi ìyá mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí ló ti rí iṣẹ́ mi, tí wọ́n ti pè mí ní ọlọ́gbọ́n ọmọ, ojú sì ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀. Mo fọwọ́ sọ̀yà, mo ní abẹ́ fèrèsé ni.

Nígbà tí ilé parí, a mú ìyá mi padà wálé. Wọ́n ti fi káró, ìyẹn táìlì, aláwọ̀ ewé yí abẹ́ fèrèsé ká dáadáa. Ó bọ́ sálúbàtà, ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Kò sí níbí.” Ó ní kí n mú òun lọ sídìí kànga, torí kànga kò kúrò níbi tó wà. Ibẹ̀ ló ti já ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ń fi ohùn kẹ́lẹ́ ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, ó wọlé, ó yà, ó tún rìn díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé tuntun náà ló dúró sí.

Àwọn tó gbẹ́ kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ti búra pé yẹ̀pẹ̀ nìkan làwọn bá. Ìyá mi kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ mọ ẹni tó sọ pé abẹ́ fèrèsé ni. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí.

Mo ní, “Ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe, Màámi.”

“Ẹ̀rọ kò mọ bàbá rẹ,” ló dá mi lóhùn. “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.”

Mo ti tún ilé inú pọ́tábù ṣe láti ìgbà náà. Mo yọ fèrè kúrò, mo dá gegele padà síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ júwe fún mi, mo sì dá ìdákẹ́jẹ́ padà síbẹ̀. Mo gbé e lọ fún un. Ó ní kí n gbé e fún àwọn tó lójú.

Láràárọ̀ báyìí, ó máa ń bọ́ sálúbàtà níwájú ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á dúró, á dákẹ́. Gbogbo ilé á dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tù omi lọ́wọ́ títí á fi ṣe tán. Nígbà tí mo bá wálé láti Kútọnu, èmi náà máa ń tò síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwa yòókù á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mìíràn.