Iṣẹ́ Ẹrú Tí Mo Fi Tọmọ Jẹ́

Mi ò fẹ́ràn tọkọtaya arúgbó yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má bínú pé mi ò ní máa fi "wọ́n" pe bàbá àti ìyá náà bó ṣe yẹ ká pe àgbà. Inú ṣì ń bí mi sí wọn, inú sì ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi mọ́tò gbé àwọn tó wá gbafẹ́ káàkiri erékùṣù wa: ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀ òkun, ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, ọgbà tí wọ́n ti ń sin ìjàpá òkun. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Mo ti gbé ìyàwó ọ̀ṣìngín, mo ti gbé opó, mo ti gbé ọkùnrin kan tó ń bẹ̀rù omi tó sì wá sí erékùṣù. Mi ò tíì gbé irú àwọn méjì yìí rí.

Ọ̀gá àgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ṣì ń wo gbogbo èèyàn bí ẹni pé wọ́n pẹ́ dé ìlà òwúrọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì tà. Àpá iná ààrò kún apá ẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ wọn ló ní kí wọ́n wá sinmi fún ọjọ́ mẹ́fà, Mọ́ńdè sí Sátidé.

Orí èbúté ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ ẹ̀ gan-an, àmọ́ èmi ni bàbá kọjú sí.

"Dẹ́rẹ́bà, sọ fún obìnrin yìí kó gbé ẹsẹ̀. A ò wá ka iyanrìn níbí."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ìyá náà ò wo ibi tó wà. Ó ní, "Sọ fún un pé ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ. Òkun wà níwájú."

Ẹ̀yìn náà ni mo wá gbọ́ pé wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣé nílé, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ni wọ́n máa ń rán síra wọn, ì báà ṣe ọmọ, ì báà ṣe aládùúgbò. Níbí, orí mi ló já lé. Ìyá mi sì ti kọ́ mi pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Mo ní, "Màmá, bàbá ní ẹ rọra máa bọ̀, oòrùn ti ń mú." Mo yíjú sí ọkọ: "Bàbá, màmá ní ẹ máa lọ níwájú, àwọn ń tẹ̀ lé yín." Inú mi dùn sí ara mi. Àwọn èrò mi máa ń sọ pé ẹnu mi dùn, èmi òpònú sì gbà wọ́n gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bàbá gun ilé gogoro, ó ń ka àtẹ̀gùn sókè bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Orúnkún ò jẹ́ kí ìyá gùn ún. Èmi àti ẹ̀ jókòó lábẹ́ igi àgbọn, ó sì sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í.

"Ọdún mẹ́fà nìyí. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdágbére fún un níléèwé, ìlà iwájú ni mo jókòó sí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lu aago. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n po ìyẹ̀fun kí ilẹ̀ tó mọ́, kò dárúkọ mi. A délé, mo bi í. Ó ní, 'Ṣé ìwọ náà bá mi kọ́ wọn níwèé ni?' Àtọjọ́ náà, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, òun náà ò sì bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ forí jì í, màmá. Ọkùnrin ni."

"Gbọ́. Ọkọ̀ méjì ló ń kúrò níbí ní Sátidé. Ti àárọ̀ ń lọ sí ìlú ọmọbìnrin mi àgbà, ti ọ̀sán ń lọ sílé wa. Tí bàbá yẹn bá fi ẹnu ara ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ kó tó di ìgbà yẹn, mo máa bá a délé. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ti àárọ̀ ni mo máa wọ̀, mi ò sì ní padà mọ́. Ìyẹn, mi ò rán ọ sí i o. Má sọ fún un."

Mo panu mọ́. Àmọ́ mo sọ fún ara mi pé ẹnu mi yìí ló máa tún ilé wọn ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, níbi omi tó ń já, bàbá ní kí n sọ fún un pé bàtà tó wọ̀ ò bá àpáta mu, àgbàyà tí ò gbọ́n. Mo ní, "Màmá, bàbá ní ẹ rọra tẹlẹ̀, ẹ̀yin làwọn ní." Ìyá ní kí bàbá fi orí kunkun ẹ̀ gbá àpáta yẹn wò, àpáta ló máa fọ́. Mo ní, "Bàbá, màmá ní ẹ ṣeun." Ojú bàbá tú ká. Ó ń súfèé lọ sídìí omi.

Ní ọgbà ìjàpá òkun ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí. "Bi í bóyá ó ti lo oògùn orúnkún ẹ̀." Ìbéèrè gidi nìyẹn, kò sì sí èébú nínú ẹ̀. Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Màmá, olólùfẹ́ yín ní ṣé ẹ ti lo oògùn, ọkàn àwọn ò balẹ̀ nítorí yín."

Ìyá dúró. "Olólùfẹ́? Bàbá yẹn ò mọ ọ̀rọ̀ yẹn pè. Ìwọ lò ń dá gbogbo èyí sọ. Dẹ́rẹ́bà, ṣúgà ẹ ti pọ̀ jù. Búrẹ́dì tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ á ti jó kí inú ẹ̀ tó jinná. Ohun tó bá sọ ni kó o sọ."

Ó dùn mí. Mo ní ìyá yìí ò mọ oore. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, mo tún búra fún un pé ọkọ ẹ̀ ló sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣẹ̀dá.

Nígbà tó fi máa di Fúráìdè, mo ti kórìíra wọn tán. Nínú mọ́tò, ọ̀kan ń wo òkun, èkejì ń wo òkè. A wọ ọkọ̀ onídìí gíláàsì, oníkálukú jókòó sí ìpẹ̀kun tiẹ̀. Ọlọ́kọ̀ bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n sún sáàárín, wọn ò mira. Ẹja aláràbarà ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún ẹnì kejì ẹ̀ pé "wò ó."

Àárọ̀ Sátidé, bàbá rí báàgì ìyàwó ẹ̀ nídìí ọkọ̀ àárọ̀. Ó fà mí sẹ́yìn ilé tíkẹ́ẹ̀tì.

"Sọ fún un pé lọ́jọ́ ìdágbére yẹn, orúkọ ẹ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ dá. Mo ti mọ̀ látìgbà yẹn. Ojú ló ń tì mí."

"Bàbá, ẹ lọ sọ ọ́ fúnra yín. Wọ́n wà níbẹ̀ yẹn."

"Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn. Látọjọ́ Mọ́ńdè, èsì rere lò ń mú bọ̀. Lọ, jọ̀ọ́."

Mo sáré. Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, mi ò yọ ẹyọ kan.

Ìyá gbọ́ ọ títí mo fi parí. Ó ní, "Èyí dára ju gbogbo tàwọn ọjọ́ yòókù lọ. O ṣeun, dẹ́rẹ́bà. O gbìyànjú."

"Màmá, bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run búra."

"O búra ní Tọ́sìdè náà."

Ó gbé báàgì ẹ̀, ó wọ ọkọ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ bàbá. Ó bi mí pé kí ló ní. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ò gbà pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Mo wá jẹ́wọ́. Gbogbo "ẹ ṣeun" tó ti ń gbọ́, èmi ni mo ń sọ ọ́. Èébú ni ìyá ń rán mi.

Mo retí kó gbá mi létí. Ó ní, "Ó ń bú mi?"

"Lójoojúmọ́, bàbá."

"Èmi rò pé ó ti parí ìbínú ẹ̀ ni. Mo ní kò sí ìkánjú. Ká ní mo mọ̀ pé ó ṣì ń bú mi, mi ò bá ti lọ bá a."

Ọkọ̀ ti kúrò ní èbúté. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Sọ wọ́n fún mi. Bó ṣe sọ wọ́n gan-an."

Mo sọ wọ́n, láti Mọ́ńdè. Ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dé orí ti àárọ̀ Fúráìdè, èyí tí mo yí padà sí "màmá ní ẹ káàárọ̀". Ohun tí ìyá sọ ni pé: "Sọ fún un pé mo ń gbọ́ ìhanrun ẹ̀ láti yàrá kejì, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Nílé, yàrá wa jìnnà síra, mi kì í gbọ́ ọ. Alẹ́ mẹ́rin yìí nìkan ni mo sùn dáadáa láti ọdún mẹ́fà."

Bàbá ní kí n tún ìyẹn sọ.