Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ń bínú sí ọ̀gá mi, mo sì ń bínú sí ara mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Iṣẹ́ ìwádìí tí mo ń ṣe láti gboyè ọ̀mọ̀wé dá lórí ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọmọdé tó ti ní in rí ṣì ń rántí bó ṣe bá a jà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí n fi ti àkọ́kọ́ wé ìkejì. Bí n kò bá mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni, kò sí iṣẹ́.

Agboolé kan ní Kúdẹtì ni mo lọ. Àwọn ìyá ti fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n sì ti lọ tajà ní Ọjà'ba. Ìyàwó tuntun ilé ló kó ọmọ mọ́kàndínlógún jáde fún mi, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Yìnyín inú kúlà mi ti ń yọ́. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ̀jẹ̀ á bàjẹ́, n kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Orúkọ?"

"Akọ̀wé."

"Èyí ńkọ́?"

"Eyínfúnjowó."

Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, mo sáré lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ọ̀sì kan ló lọ gba ti ìkejì fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ìyá wà nílé, wọ́n sì pe orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ wọn lọ́jọ́ ìkómọ. Nọ́ọ̀sì kò rí ọ̀kankan nínú orúkọ wọ̀nyí nínú ìwé mi. Ó rò pé ọmọ mìíràn ni wọ́n, ó fún wọn ní nọ́ńbà tuntun.

Ọ̀gá mi tó ń darí ìwádìí náà wo ìwé méjèèjì. "Wọ́n purọ́ fún ẹ. Bí àwọn ará ìsàlẹ̀ Mápó ṣe ń ṣe nìyẹn. Dà á nù. Kí fìrísà yẹn ti ṣófo kó tó di ọ̀la."

Ọdún méjì mi ló ní kí n dà nù. Mo sì dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà." Ọpẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo lọ sílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú láti lọ sunkún. N kò tíì jókòó tí ìyá mi fi kígbe láti ilé ìdáná pé, "Ẹ bá mi pe Akọ̀wé kó wá jẹun." Àbúrò bàbá mi ni, kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àtìgbà tí mo ti dáyé ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìyàwó kì í pe ẹni tí wọ́n bí sílé ọkọ kó tó dé lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Ọkọ rẹ̀ ni. Á wá orúkọ tó dùn fún un. Mo mọ èyí, n kò sì rántí rẹ̀ nítorí yìnyín. Ojú tì mí débi pé ara mi gbóná.

Mo padà sí Kúdẹtì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyàwó náà ń fọṣọ. Mo fi orúkọ tuntun hàn án, mo ní kó sọ ẹni tó ni wọ́n.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kí n pe ọkọ mi lórúkọ lójú ìyá wa?"

"Ọmọ ọdún mẹ́ta mà ni."

"Ọkọ mi náà ni. Àná ló já ẹran gbà lọ́wọ́ mi."

Ìyá ọkọ rẹ̀ dá sí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Má dá a lóhùn jàre. Dókítà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbélé ọkọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ìyàwó pe Akọ̀wé, ọmọ kan sáré wá, ìyá ọkọ rẹ̀ pe orúkọ ọmọ náà gangan, mo so nọ́ńbà rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ó fi pé mọ́kàndínlógún.

Ọ̀gá mi gbà pé kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú fìrísà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé àbájáde ìwádìí tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ fún títẹ̀, ó ti kọ ọ́ sí i pé àwọn òbí fún wa ní orúkọ èké. Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ pé ohun tí ìyàwó ilé kò lè dáhùn ni mo bi í. Ó dá tirẹ̀ padà. Mo tún pa á rẹ́. Láàárọ̀ yìí, ó tún dá a padà, ó sì bi mí bóyá mo fẹ́ gboyè.

Mo fẹ́ ẹ gidigidi. Síbẹ̀, mo ti pa gbólóhùn yẹn rẹ́, mo sì ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i.